Bí Àwẹ̀ró Ṣe Pọn Bàbá Rẹ̀ Sọ̀kalẹ̀ Láti Òkè Aláìsinmi

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin tí òjò lé kúrò lóko, ẹ má dúró sí ibi tí ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ yóò ti máa ta sí yín lára. Ẹni tó bá rí àga, kó jókòó. Ẹni tí kò bá rí, ilẹ̀ ilé Ògúndìran mọ́ dáadáa. Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Aṣípa àwọn ọdẹ ìlú Ìgbórò. Èmi ni mo pa ẹfọ̀n mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí ẹ̀kẹrin fi ìwo gbé mi sọ sókè, tí mo sì fi ẹsẹ̀ ara mi rìn délé. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé irọ́ ni, kó dìde wá wo àpá tó wà ní ìhà mi. Ẹ kò dìde? Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe tèmi. Ìtàn obìnrin kan ni, tí kò yìnbọn rí láyé rẹ̀, tó sì lọ síbi tí èmi, pẹ̀lú gbogbo ariwo mi, kò lè lọ. Láti ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, tẹkúntẹkún ló sì fi sọ ọ́. Bí mo bá dákẹ́ láàárín, ẹ má bi mí pé kí ló dé.

Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ìkòkò mímọ ló ń ṣe. Ìkòkò mẹ́wàá ló máa ń rù lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀kan náà, tí yóò sì máa bá èèyàn tàkúrọ̀sọ lọ́nà bí ẹni tí kò ru nǹkan kan. Ọ̀rẹ́ mi Ọdẹ́níran ló bí i. Òun ni àkọ́bí, òun náà sì ni àbígbẹ̀yìn, nítorí ìyá rẹ̀ kò pẹ́ láyé, Ọdẹ́níran kò sì fẹ́ ìyàwó mìíràn. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà tó wọlé ọkọ, kò sí ọjọ́ kan tí bàbá yìí kò ní yà síbẹ̀ kó tó lọ sígbó. Yóò jókòó ti ìkòkò rẹ̀, yóò máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, yóò ní ẹnu èyí wọ́, ìdí tọ̀hún kò jókòó. Àwẹ̀ró yóò bú sẹ́rìn-ín, yóò ní kí bàbá náà lọ mọ tirẹ̀ kí òun wò ó.

Ẹ mọ àwọn òkè mẹ́fà tó tò tẹ̀lé ara wọn lẹ́yìn ìlú wa. Òkè Aláìsinmi là ń pè wọ́n. Lọ́dún kan, Ọdẹ́níran gbéra lọ síbẹ̀, ó ní ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni òun yóò lò. Ọjọ́ pé, a kò rí i. Oṣù kan kọjá. Àwa ọdẹ wá a dé òkè kejì, fìlà rẹ̀ nìkan la rí, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni oṣù kẹta pé, kò sí Ọdẹ́níran, kò sí òkú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ lè má mọ ohun tí à ń pè ní ìṣípà ọdẹ. Bí ọdẹ bá kú, àkọ́bí rẹ̀ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀ jáde fún wa. A ó gbé e lọ sínú igbó, a ó sun ìrèmọ̀jé, ìyẹn ẹkún ọdẹ, a ó sì fi ẹ̀wù náà kọ́ igi ní oríta. A ó wá sọ fún ẹni tó lọ pé ìpín rẹ̀ láàárín àwa alààyè ti parí, kó máa lọ, kó má bojú wẹ̀yìn. Ohun rere ni, bí ọdẹ náà bá kú lóòótọ́.

Èmi ni mo lọ bá Àwẹ̀ró. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kúrò lẹ́nu. Ẹran ti wọ́n nínú igbó, àwọn ọdẹ ń kùn pé ẹ̀mí Ọdẹ́níran ló ń lé wọn, mo sì lọ bá a nídìí ìkòkò, mo ní, "Àwẹ̀ró, gbé ẹ̀wù bàbá rẹ wá." Ó ní, "Bàbá Aṣípa, ẹ jẹ́ kí a dúró di ìgbà iṣu tuntun." Mo ní rárá, ẹni tó kú ti kú. Ojoojúmọ́ ló ń lọ sí ìpẹ̀kun ìlú lọ wo ọ̀nà. Eruku kékeré tó bá sọ lókè, yóò sọ ẹrù sílẹ̀, yóò sáré lọ pàdé rẹ̀, ará oko lásán ni yóò rí. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó wọlé, ó gbé ẹ̀wù náà jáde, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìtura kan wọ inú òun lọ́jọ́ yẹn, pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà wíwò ti parí, òun sì sùn àsùnwọra. Oorun yẹn ni kò dárí rẹ̀ ji ara rẹ̀ títí di òní.

Ó di ọjọ́ kan, ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí oṣù mẹ́ta pé lẹ́yìn ìṣípà náà, Ṣàngótóyè tó máa ń wá oyin kiri orí òkè já wọ ìlú, ó ń gbọ̀n. Ó ní òun rí Ọdẹ́níran. Ó ní ó wà láàyè, ó ń rìn lórí òkè kẹrin, ó gbẹ bí igi, ó sì bi òun ní ọ̀nà Ìgbórò. "Mo júwe rẹ̀," Ṣàngótóyè wí, "mo fi ọwọ́ nà án. Ó dúpẹ́, ó lọ. Kò pẹ́, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Òun náà ni! Ó tún bi mí ní ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀meje ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀keje, ó jókòó sílẹ̀, ó ní, 'Ṣàngótóyè, kí ni wọ́n ṣe sí mi nílé?'"

Àwẹ̀ró kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó sáré wá bá mi, amọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́.

Ó ní, "Bàbá Aṣípa, ẹ sọ fún mi. Kí la ṣe?"

Bàbá mi ti sọ ọ́ fún mi rí, n kò sì rò pé ojú mi yóò rí i. Mo ní, "Ẹni tí a bá ṣípà rẹ̀ láàyè, òkè ni yóò gbà á. Ibi yòówù tó bá kọjú sí, ẹ̀yìn ni ilé rẹ̀ yóò kọ sí i. Bí oṣù mẹ́ta bá pé lẹ́yìn ìṣípà, yóò di òkúta."

"Ọjọ́ mélòó ló kù?"

"Mẹ́sàn-án."

"Ta ló lè mú un wálé?"

"Ẹni tó gbé ẹ̀wù rẹ̀ jáde nìkan. Òun ni yóò lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà, yóò pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí a ti ń pọn ọmọ, ẹsẹ̀ ẹni tó pọ̀n kò sì gbọdọ̀ kan ilẹ̀ òkè náà títí wọn yóò fi délé. Ohun tí wọ́n bá bi í lọ́nà, òótọ́ ni kó fi dáhùn. Irọ́ kọ̀ọ̀kan yóò máa wúwo lórí ẹni tó ń pọ̀n ọ́n."

Ó wò mí lójú. Ó ní, "Ẹ ó bá mi lọ?"

Mo sọ fún un pé ìrèmọ̀jé tí mo sun ló dè mí, pé bí Ọdẹ́níran bá fojú kàn mí, ojú ẹsẹ̀ ni yóò di òkúta. Òótọ́ ni lápá kan. Apá kejì ni pé ẹ̀rù bà mí. Èmi Ògúndìran, apẹfọ̀n! Ẹ máa rẹ́rìn-ín, mo gbà. Àwẹ̀ró wọlé, ó mú ọ̀já tó fi pọn ọmọ rẹ̀ nígbà tó wà ní ìkókó, ó so ó mọ́ ìbàdí, ó sì bọ́ sọ́nà.

Ní òkè kìíní, atẹ́gùn ibẹ̀ mọ ohùn bàbá rẹ̀. Apá ọ̀tún, ohùn Ọdẹ́níran ni: "Àwẹ̀ró, ibí ni mo wà." Apá òsì, òun náà ni. Bó bá yà lọ sọ́tùn-ún, á rí ọ̀gbun. Bó bá yà lọ sósì, á rí àpáta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ nìkan kù lára gbòǹgbò. Lẹ́yìn náà ló fi amọ̀ dí etí rẹ̀ méjèèjì, ó ń sunkún, ó ń gùn ún lọ, ó sì ń bẹ̀rù pé bóyá ọ̀kan nínú àwọn ohùn yẹn jẹ́ ohùn bàbá òun ní tòótọ́. Òkè kejì kò sàn jù ú lọ. Koríko ibẹ̀ ní eyín, títí tó fi sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ń jẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ti lọ nínú mẹ́sàn-án.

Lórí òkè kẹta, ó bọ́ sínú ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Adúródè. Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí àga níbẹ̀, kò sí ẹní. Gbogbo ará ìlú ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, wọ́n kọjú sí ojú ọ̀nà, koríko ti hù bo ẹsẹ̀ wọn mọ́lẹ̀, aláǹgbá ń gun àwọn mìíràn lára. Olúkúlùkù ló ń dúró de ẹni tó jáde nílé rẹ̀ tí kò padà. Obìnrin arúgbó kan wà níwájú gbogbo wọn, irun ìpéǹpéjú rẹ̀ ti gùn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ nítorí pé kò fẹ́ ṣẹ́jú.

Arúgbó náà ní, "Ta lò ń wá, ìwọ tí ń sáré kọjá?"

"Bàbá mi ni, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ ti lọ."

"Ọdún mélòó lo ti dúró dè é?"

Àwẹ̀ró rántí pé òótọ́ ni kí òun fi dáhùn. Ó ní, "Oṣù mẹ́ta."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó ń bọ̀ níwájú, ẹ̀rín àwọn tí kò rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì burú létí ju ẹkún lọ. "Oṣù mẹ́ta! Ó dúró fún oṣù mẹ́ta, ó sì pe ara rẹ̀ lọ́mọ!" Arúgbó náà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọkùnrin mi lọ já ọsàn wá fún mi. Ọgọ́ta ọdún nìyí. Òfin ìlú wa ni pé ẹni tí kò tíì dúró tó, kò gbọdọ̀ kọjá. Dúró."

Wọ́n mú un dúró. Kò gbọdọ̀ jókòó, kò gbọdọ̀ fara ti nǹkan, kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn. Oòrùn là, ó wọ̀. Ó tún là. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Koríko bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láàárín ọmọ ìka rẹ̀, ó sì ń wò ó bó ṣe ń ga, ó mọ̀ pé ọjọ́ bàbá òun ló ń jẹ. Ó kígbe títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún, ó sọ fún arúgbó náà pé, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n lọ. Ẹ̀yin kò mọ ibi tí ọmọ yín wà. Èmi mọ ibi tí bàbá mi wà, èmi ni mo sì sé e mọ́bẹ̀."

Arúgbó náà ṣẹ́jú. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọgọ́ta ọdún, ó ṣẹ́jú, ẹ̀rù sì ba gbogbo ìlú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi eékánná rẹ̀ já koríko lẹ́sẹ̀ Àwẹ̀ró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Sáré. Bó o bá rí i, má ṣe bínú bó bá ń bínú."

Òkè kẹrin ni òkè àwọn òkúta. Wọ́n tò lọ bẹẹrẹ, òmíràn dúró, òmíràn jókòó, òmíràn di nǹkan mú bí ẹni di ìbọn mú. Àwọn ọdẹ tí wọ́n ṣípà wọn láàyè ni, láti ìlú gbogbo. Àwẹ̀ró kò mọ̀ bóyá bàbá òun ti wà lára wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kàn wọ́n ní àyà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bóyá yóò rí èyí tó ṣì gbóná. Tútù ni. Tútù ni. Ó ti kan bí igba, ọwọ́ rẹ̀ ti kú, kó tó kan ọ̀kan tó mí sí i lójú.

Orí nìkan ló kọ̀ tí kò di òkúta lára ọkùnrin náà. Ó ní, "Kí o tó kọjá, dá mi lóhùn: ta ló kú tó ń rìn, ta ló wà láàyè tí kò lè rìn?"

Àwẹ̀ró kò tilẹ̀ ronú. Ó ní, "Bàbá mi ni wọ́n sọ pé ó kú, ó sì ń rìn. Ẹ̀yin lẹ wà láàyè, ẹ ò sì lè rìn."

Omijé bọ́ lójú ọkùnrin náà, ó sì gbẹ lórí òkúta àyà rẹ̀. Ó ní, "Láti ogójì ọdún, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé mo wà láàyè. Ní ilé mi, wọ́n ti fi yàrá mi so ewúrẹ́. Bàbá rẹ wà lẹ́yìn òkè yìí. Ó ti ń wọ́ ẹsẹ̀ kan láti àná."

Àwẹ̀ró sáré. Bó ṣe yọrí sókè ló rí ọkùnrin kan tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ń rìn, ó ń dúró, ó ń gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ẹni gbé odó. Ẹsẹ̀ náà ti di òkúta dé ọrùn ẹsẹ̀. Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó rí i. Ó dúró. Ó fi ọwọ́ nu ojú.

"Àwẹ̀ró? Àwẹ̀ró! Ta ló wà nídìí ìkòkò rẹ?"

Àwẹ̀ró ṣubú lé e. Wọ́n jọ ń sunkún, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín, Ọdẹ́níran ń fọwọ́ pa á lórí, ó ń ní kí ló dé tó rù báyìí, ṣé ọkọ rẹ̀ kò fún un lóúnjẹ ni. Ó ní òun ṣubú sí ọ̀gbun ní òkè kejì, egungun itan òun ṣẹ́, òun wà nínú ihò àpáta, òun ń mu omi òjò, òun ń jẹ èso, títí ó fi san. Ó ní nígbà tí òun wá gbéra láti máa bọ̀ nílé, ọ̀nà kọ̀.

"Mò ń wo èéfín Ìgbórò, ọmọ mi. Mò ń wò ó lójoojúmọ́. Bí mo bá rìn lọ síbẹ̀, á tún jìnnà sí i."

Àwẹ̀ró kò lè sọ ọ́. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ní, "Bàbá mi, ẹ gun ẹ̀yìn mi."

"Èmi Ọdẹ́níran? Kí ọmọ mi pọ̀n mí? Bí àwọn ọdẹ bá gbọ́ ńkọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi jiyàn. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù."

Ó gùn ún. Àwẹ̀ró fi ọ̀já gbá a mọ́ra, ó so ó le. Bàbá náà ti gbẹ, kò wúwo ju ìkòkò mẹ́rin lọ. Wọ́n kọjú sí ilé, fún ìgbà àkọ́kọ́ èéfín Ìgbórò kò sì sá mọ́. Ọdẹ́níran bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀ bí ọmọdé. Ó ń dárúkọ àwọn ẹyẹ tó ń ké fún un, ó ń bi í bóyá ó ṣì rántí.

Adúródè jẹ́ kí wọ́n kọjá, àwọn ará ibẹ̀ ń wò wọ́n pẹ̀lú ìlara tó ń dun èèyàn. Nígbà tí wọ́n dé òkè kejì, ẹ̀rín Ọdẹ́níran ti tán. Ó ní, "Àwẹ̀ró. Wọ́n ṣípà mi, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá mi."

"Ta ló gbé ẹ̀wù mi jáde?"

Ó ní, "Àwọn ọdẹ ni wọ́n wọlé wá mú un."

Ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Bàbá náà wúwo lójijì bí ogún ìkòkò. Ó ta gìrì, ó tún gbé ẹsẹ̀. Ọdẹ́níran ní, "Àkọ́bí ọdẹ ló máa ń gbé e jáde. Ta ló gbé e?" Ó ní, "Wọ́n fipá mú mi ni." Òun nìyẹn tó tún wúwo sí i. Orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀, koríko eléyín dì mọ́ ọn, ẹsẹ̀ bàbá náà ku ìka kan péré kó kan ilẹ̀. Òkúta sì ti gùn dé orúnkún Ọdẹ́níran.

Àwẹ̀ró pariwo. Ó ní, "Èmi ni! Èmi ni mo gbé e jáde. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Ó rẹ̀ mí láti máa wo ọ̀nà, bàbá mi, mo gbé e fún wọn, mo sì sùn. Mo sùn lọ́jọ́ náà!"

Ìwúwo náà bọ́ sílẹ̀. Ó dìde. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sọ̀rọ̀, ìyẹn sì le ju ìwúwo lọ. Wọ́n rìn títí oòrùn fi yí. Àwẹ̀ró ń gbọ́ bó ṣe ń mí lẹ́yìn ọrùn rẹ̀.

"Ìgbà wo ni?" ni Ọdẹ́níran béèrè níkẹyìn.

"Ní ìparí oṣù kẹta."

"Ọ̀la rẹ̀ ni mo gbéra nínú ihò."

Ó pẹ́ díẹ̀, Àwẹ̀ró rí i pé ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé òun léjìká, ó sì fi í síbẹ̀. Ó sọ fún mi pé bó bá jẹ́ pé ó nà òun ni, òun ìbá lè gbà á.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà tó wọ òkè kìíní, ibi tí ẹnikẹ́ni lè dúró sí kó gbọ́ àkùkọ Ìgbórò. Oníbodè kan jókòó síbẹ̀, tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí Àwẹ̀ró ń lọ. Irùngbọ̀n rẹ̀ ló fi dínà. Ó ta á láti àpáta ọ̀tún dé àpáta òsì, ó le bí okùn irin.

Ó ní, "Ẹni tí wọ́n ti fún mi lo pọ̀n sẹ́yìn yẹn."

"Mo wá gbà á padà, bàbá."

"Kí ló fún ọ láṣẹ láti fi í fún mi nígbà yẹn?"

"Èmi ni ọmọ rẹ̀."

"Àṣẹ yẹn lo fi tì í mọ́bí. Òun náà ni wàá fi ṣí i. Fi ọmọ tó o jẹ́ fún un sílẹ̀ níbí, kó máa lọ."

Kò kọ́kọ́ yé e. Nígbà tó yé e pé bàbá òun kò ní mọ òun lọ́mọ mọ́, ó bẹ̀ ẹ́. Ó ní kó gba ojú òun. Oníbodè mi orí. Ó ní kó gba ọwọ́ òun méjèèjì tí òun fi ń mọ ìkòkò. Ó mi orí. Ó ní kó gba òun fúnra òun, kó sọ òun di òkúta. Oníbodè ní, "Ìwọ kọ́ ni wọ́n ṣípà." Oòrùn ń yí lọ. Òkúta ti gun Ọdẹ́níran dé ìbàdí, Àwẹ̀ró sì ń mọ òtútù rẹ̀ lẹ́yìn.

Ọdẹ́níran ní, "Sọ̀ mí kalẹ̀."

"Bàbá mi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo ní kó o sọ̀ mí kalẹ̀, Àwẹ̀ró. Mo ti dárí jì ọ́ láti àná, ọ̀rọ̀ ló wọ́n mi lẹ́nu. Jẹ́ kí n di òkúta, kí n jókòó síbí, kí n máa wo èéfín ilé, kí n mọ̀ pé mo bí ọ. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe nílé bí n kò bá mọ̀ ọ́?"

Ó gbìyànjú láti tú ọ̀já náà. Àwẹ̀ró di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ wò ó, ẹ̀yin èèyàn mi: lẹ́ẹ̀kejì, obìnrin yìí fẹ́ fi ohun tó jẹ́ ti bàbá rẹ̀ tọrẹ láì gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun mọ̀ ọ́n dáadáa lọ́jọ́ náà. Ó kọjú sí Oníbodè, ó ní, "Gbà á."

Irùngbọ̀n náà já. Òkúta ya lára Ọdẹ́níran bí èèpo, ó ń bọ́ sílẹ̀ gbì, gbì. Àwẹ̀ró sáré sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kò dúró títí ẹsẹ̀ méjèèjì rẹ̀ fi tẹ ilẹ̀ Ìgbórò, níbi tí gbogbo wa dúró sí. Ó tú ọ̀já. Ọdẹ́níran bọ́ sílẹ̀, ó na ara, ó wo ọ̀run, ó wo ilẹ̀. Ó rí mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un nínú ẹrẹ̀, mo ní mo ṣìṣe, níwájú gbogbo ọdẹ. Ó gbé mi dìde. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí obìnrin tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Oníkòkò, mo dúpẹ́ o. Láti òkè kẹrin lo ti pọ̀n mí! Ta ni bàbá rẹ? Ẹni náà bímọ."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀.

Ọdẹ́níran sì ń wo àárín èrò kiri, ó ń gbé ọrùn sókè. Ó ní, "Àwẹ̀ró ńkọ́? Ṣé kò tíì gbọ́ pé mo ti dé ni?"

A sọ fún un. Èmi sọ ọ́, gbogbo ìlú sọ ọ́, a fa Àwẹ̀ró lé e lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò wọ etí rẹ̀, bí ẹni pé èdè ẹyẹ là ń sọ. Ó mọ̀ pé òun bí Àwẹ̀ró. Ó rántí ohùn rẹ̀, ó rántí ẹ̀rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá wà níwájú rẹ̀, tó tilẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀, kò lè mọ̀ pé òun ni. Ó gbà pé ọmọ òun ti jáde lọ wá òun lórí òkè, pé yóò padà. Àwẹ̀ró, tí bàbá náà ń pè ní Oníkòkò, kó wá sí ilé rẹ̀, ó ní òun yóò máa tọ́jú bàbá náà títí ọmọ rẹ̀ yóò fi dé. Ó ń fọ aṣọ rẹ̀. Ó ń se oúnjẹ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá gbé oúnjẹ wá, bàbá náà yóò ní kó bu ti Àwẹ̀ró sọ́tọ̀.

Ọdún mẹ́ta ti kọjá báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ tó lọ, Àwẹ̀ró wá bá mi, ojú rẹ̀ ti jìn. Ó ní, "Bàbá Aṣípa, ẹ lọ sọ fún un pé ọmọ náà ti kú. Ọ̀nà ló ń wò láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀. Ẹ jẹ́ kó sinmi." Mo lọ. Mo jókòó tì í, mo rọra sọ ọ́, mo ní ó ti pẹ́ jù, mo ní kó jẹ́ kí a ṣe ohun tó yẹ fún ọmọ náà. Oníkòkò dúró lẹ́yìn wa, ó ń gbọ́.

Ọdẹ́níran kò bínú. Ó kàn wò mí títí ojú fi tì mí. Ó ní, "Ògúndìran, ẹ ti kánjú lé alààyè kan lọ rí. Ẹ kò ní ṣe é fún ọmọ mi. Bó jẹ́ ọgbọ̀n ọdún ni yóò lò, màá dúró dè é." Ó wá yíjú sẹ́yìn, ó ní, "Oníkòkò, jọ̀ọ́, bá mi bo oúnjẹ rẹ̀ yẹn, kó má tutù kó tó dé."

Àwẹ̀ró sì bò ó.